Ìtí Ọkà Tí Ẹyẹ Kò Yà Sí

Gunvor kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹnu kan oúnjẹ àìsùn Kérésì títí ẹyẹ yóò fi kọ́kọ́ jẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é létí adágún náà nìyẹn: wọ́n á so ìtí ọkà mọ́ orí òpó lójúde, kí àwọn ẹyẹ kéékèèké rí nǹkan fi sẹ́nu nígbà tí yìnyín bá bolẹ̀. Bí ẹyẹ bá wọ́ wá, ọdún á sàn. Bí wọn ò bá yà síbẹ̀, ẹnìkan nínú ilé kò ní rí òpin òtútù.

Ọ̀sán ti ń rọ̀, ìtí ọkà Gunvor wà bó ṣe wà. Eiliv, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sì ti fẹṣin gba orí adágún tó dì lọ láti àárọ̀, ó fẹ́ wọ́ koríko màlúù wálé láti òdìkejì. Lọ́dún kan tí ẹyẹ kò wá, adágún yìí náà ló gbé bàbá Eiliv mì.

Gunvor jáde, ó wọlé, ó tún jáde.

"Ìyá Eiliv, ẹ ó yọ ilẹ̀kùn yẹn lára ògiri," ni Ragna aládùúgbò wí. "Ta ló sọ fún ẹyẹ pé òní ni Kérésì?"

"Tìrẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jẹ ẹ́?"

Ragna wo òpó tirẹ̀. Ẹyẹ kankan kò sí níbẹ̀.

Gunvor fa ìborùn, ó kọrí sí adágún. Yìnyín ń ké lábẹ́ bàtà rẹ̀ bí egungun tó ń ṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí wọn, gbogbo ẹyẹ abúlé, èyí tí àyà wọn pupa àti èyí tí orí wọn dà bí ojú ọ̀run, wọ́n tò gbọọrọ láti òdìkejì, wọ́n ń ṣa èso koríko tó ti jábọ́ lára ẹrù Eiliv. Ṣùgbọ́n ipa koríko náà kò kọrí sílé. Ó yà sápá ibi tí odò ti ń wọ adágún, ibi tí yìnyín kì í ki. Àbùjá ni ọmọ yìí gbà. Gunvor ká etí aṣọ rẹ̀ sókè. Ó tẹ̀ lé àwọn ẹyẹ.

Eiliv wà níbẹ̀, ó di ìjánu mú, ẹṣin dúró gbagidi. Yìnyín ti sán yí wọn ká.

"Màmá, ẹ dúró síbẹ̀. Bí a bá mira, ó parí."

"Da koríko yẹn nù."

"Oúnjẹ màlúù ni, Màmá."

"Mo ní o dà á nù, díẹ̀díẹ̀."

Ó ń dà á, yìnyín ń ké. Nígbà tí ẹrù fúyẹ́, ẹṣin gbẹ́sẹ̀ kan, ó tún gbé òmíràn, títí wọ́n fi dé ibi tó ki. Lẹ́yìn wọn, àwọn ẹyẹ ya bo koríko.

Nílé, ẹyẹ kankan kò tíì fẹnu kan ìtí ọkà. Gunvor bu ọbẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

"Jẹun," ló wí. "Ẹyẹ ti jẹ."