Iwin Táìlì Ara Ògiri Wa ní Kétu

Múfú, àbúrò ọkọ mi, ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Ọjọ́ tí ojú tì í níwájú mi ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Lẹ́yìn ìsìnkú ọkọ mi, ó ní n kò ní ìpín nínú ilé wa ní Kétu, torí ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí.

Láàárọ̀ Sátidé kan, Ṣadé ọmọ mi fi àfọ́kù táìlì lẹ iwin inú géèmù àtijọ́ kan mọ́ ògiri iwájú ilé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ayàwòrán ń ṣe ní ìlú ńláńlá káàkiri ayé. Símẹ́ǹtì rẹ̀ kò tíì gbẹ tí Múfú fi mú ẹni tí yóò ra ilé náà dé.

Ọkùnrin náà wo ojú pupa iwin yẹn, ó fà sẹ́yìn.

“Alájì, ẹ ò sọ pé wọ́n ti pààlè sílé yìí. Èmi ò rà á mọ́ o.”

Ṣadé fẹ́ ṣàlàyé. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin náà wọ mọ́tò, ó lọ.

N kò dárí ji Múfú títí dòní, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé bí ó ṣe bọ́ bàtà, tí ó bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, tí ó ní: “Ìyàwó wa, ẹ dákun, ẹ yọ ààlè yẹn kúrò. Mo gbà, ilé yín ni.”