Ọdún Tí Wọ́n Fi Ẹja Sílẹ̀ Nínú Omi

Òórùn kan wà tí mi ò tíì gbọ́ níbòmíràn láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Sábọ̀n Gàrí, ní Kano. Òórùn ẹja tútù ni, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde nínú àpò tó rin gbindin, tí koríko odò ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á dà pọ̀ mọ́ ọn, ata tí màmá mi ń rà lọ́jà Yankaba á tún tẹ̀ lé e, gbogbo ilé á wá máa sín. Ẹni tí kò gbé ibẹ̀ rí lè ní òórùn burúkú ni, mi ò ní bá a jà. Ní Ìbàdàn tí mo wà báyìí, bí mo bá ń kọjá lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja, mo máa ń dẹsẹ̀ dúró díẹ̀, títí ẹlẹ́ja á fi rò pé òun ti rí oníbàárà. Kì í jẹ́ òórùn yẹn. Inú yìnyín ni ẹja tiwọn ti ń wá, yìnyín náà ló sì ń rùn.

Ilé oúnjẹ màmá mi ò ju yàrá kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dàgbà lágbègbè yẹn mọ̀ pé kò sí ọmọ Yorùbá tó wọ̀lú nígbà náà tí wọn kì í júwe ibẹ̀ fún. Ìyá tó bí màmá mi ló dá a sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kó dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹja epìyà, tí àwọn Hausa ń pè ní karfasa, la fi gbajúmọ̀. Màmá mi máa ń sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, epìyà kan ṣoṣo ló ń kún àwo, ìrù rẹ̀ á yọ síta níhìn-ín, orí á yọ síta lọ́hùn-ún. Àwa ọmọ á wo ara wa, a ó bú sẹ́rìn-ín. Epìyà tí àwa mọ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, mẹ́ta la sì ń kó lé oúnjẹ kí oníbàárà má baà bínú. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Mummy, dat one na fish abi na goat?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ò rí nǹkan kan láyé yìí," ó sì ń bá ata rẹ̀ lọ. Mo rò nígbà yẹn pé àsọdùn àgbà ni. Mi ò mọ̀ pé àárò ló ń sọ ọ́.

Ọkùnrin Hausa kan tí à ń pè ní Baba Mai Kifi, ìyẹn Bàbá Ẹlẹ́ja, ló ń kó ẹja náà wá fún wa. Apẹja ni, létí omi dáàmù kan ní ìhà gúúsù Kano, ọkọ̀ tó kọ́kọ́ gbéra láàárọ̀ ló sì máa ń wọ̀. Kí wọ́n tó bí mi ló ti ń kó ẹja wá fún ìyá màmá mi. Ìkíni òun àti màmá mi kì í tán bọ̀rọ̀. "Ina kwana, Baba?" "Lafiya lau, Mama. Ya gida? Ya kasuwa?" Wọ́n á béèrè ilé, wọ́n á béèrè ọjà, wọ́n á béèrè ara ọmọ kọ̀ọ̀kan, àfi bíi pé wọn ò rí ara wọn láti ọdún tó kọjá. Èmi tí mo dúró ti ọ̀bẹ àti omi á máa rò ó pé kí wọ́n tó kíra wọn tán, ẹja á ti bàjẹ́.

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹja àrọ̀ á wá pẹ̀lú ikùn ńlá, ẹyin á kún inú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ilé oúnjẹ wa máa ń kún jù. Màmá mi á kó ẹyin ẹja náà sínú ewé, á fi ata àti àlùbọ́sà sí i, á sì fi ooru sè é títí yóò fi dì. Àwọn oníbàárà á ti sọ tiwọn sílẹ̀ láti àná. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, tó ṣì ń gbé ní Railway Quarters, kì í tiẹ̀ rántí kí wa lásìkò yẹn. Láti ẹnu ọ̀nà ni yóò ti máa ké pé, "Ẹyin tèmi ńkọ́?" A ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹyin ẹja ni oyè tí màmá mi fi ń dá oníbàárà gidi lọ́lá, kò sì sẹ́ni tó rò ó nínú wa pé ẹja ọdún tó ń bọ̀ là ń jẹ.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo ti parí ẹ̀kọ́ mi, mò ń wáṣẹ́, màmá mi sì ń fi mí ṣe olùrànlọ́wọ́ títí iṣẹ́ yóò fi dé. Baba Mai Kifi dé láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú àpò tí kò tiẹ̀ dé ìdajì. Ó mú epìyà kan, ó la ẹnu rẹ̀, ó sì gbọ̀n ọ́n sórí abọ́. Àwọn ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti ẹnu rẹ̀, wọn ò tó ìrẹsì, gbogbo wọn ti kú. Ó ní, "Kin gani, Mama? Da baki take riƙe 'ya'yanta." Ẹnu ni ìyá wọn fi ń gbé wọn pa mọ́. Èmi tí mo ti fọ ẹja láìmọye ìgbà, mi ò ṣàkíyèsí rẹ̀ rí. Màmá mi bo abọ́ náà, kò fẹ́ wò ó mọ́.

Baba wá ṣàlàyé fún un. Ó ní àwọn apẹja àti olórí wọn tí wọ́n ń pè ní Sarkin Ruwa ti jọ fẹnu kò pé lọ́dọọdún, láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí òjò yóò fi dáwọ́ dúró, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ju àwọ̀n, kí ẹja lè yé ẹyin kí ọmọ wọn sì dàgbà. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí omi yóò fi ṣófo. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn tó máa yọ́ pa á kò ní ṣàìsí, pàápàá ẹja ẹlẹ́yin, nítorí àwọn onílé oúnjẹ Sábọ̀n Gàrí ń dù ú. Ohun tó bá wá nìyẹn. Ó ń bẹ màmá mi pé kó má ra ẹja dáàmù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí òun yóò fi padà wá. Màmá mi fọwọ́ kan abọ́ tó bò náà. Ó ní, "Baba, wọ́n á tóbi bíi ti ìgbà ìyá mi?" Èdè Yorùbá ló fi sọ ọ́, ó tún un sọ ní Hausa. Baba ní Ọlọ́run ló mọ̀, ṣùgbọ́n òun gbà bẹ́ẹ̀. Màmá mi ní, "To. Na yarda." Ó ti gbà. Bí Baba ṣe jáde ni mo bi í pé kí la fẹ́ máa sè. Ó ní, "Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé ẹja la fi ń jẹun ni?"

A bẹ̀rẹ̀ sí í se ẹja títọ́ọ̀sì àti pańla inú yìnyín. Má jẹ̀ẹ́ kí n tàn ọ́, kò dùn. Àwọn oníbàárà wa fara dà á díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá títì lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan wà ní òdìkejì tí òun náà ń ta oúnjẹ, ọmọ Ọ̀ffà, ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin. Ó ń ra ẹja ẹlẹ́yin lọ́wọ́ àwọn tó ń yọ́ pa á. Inú garawa ni wọ́n ń gbé e wá, wọ́n á fi ewé tẹ̀tẹ̀ bò ó lórí. Gbogbo àdúgbò mọ̀. Lọ́jọ́ tí bàbá rélùwéè sọdá, ilẹ̀ ló ń wò bí ẹni tí kò fẹ́ tẹ ẹrẹ̀, ilẹ̀ sì gbẹ táútáú. Inú bí mi. Mo ní, "Mummy, everybody dey buy am! Ta ló ń wò wá?" Màmá mi ní, "Mo ti sọ fún Baba pé mi ò ní rà." Mo ní Baba ò sí níbí. Ó ní, "Èmi wà níbí."

Òjò dáwọ́ dúró, Baba sì dé. Àpò rẹ̀ kún dẹ́nu lọ́tẹ̀ yìí, a sáré tú u. Ẹja pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo wo màmá mi lójú, mo rí i tó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń dé ìsàlẹ̀ àpò bóyá ńlá kan fara pa mọ́ síbẹ̀. Baba fúnra rẹ̀ ò lè gbójú sókè. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí omi, àwọn èèyàn tí wọn ò mọ̀ rí wá láti ìlú mìíràn pẹ̀lú àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́, wọ́n gbá gbogbo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ó ní ọdún kan ò tó. Ó ní wọn yóò sun àwọn àwọ̀n wẹ́wẹ́ náà, wọn yóò sì fi apá ibi tí koríko wà sílẹ̀ pátápátá, kí ẹja ní ibi tí yóò sá sí nígbà gbogbo. "Sai haƙuri, Mama." Àfi ká ní sùúrù. Màmá mi ní, "Mo gbọ́, Baba. Ilé oúnjẹ mi ńkọ́?" Baba Mai Kifi ká àpò rẹ̀ tó ti ṣófo, ó dágbére, ó sì lọ wọkọ̀.

Nígbà tí òjò ọdún kejì fi dé ìdajì, màmá mi ò tíì ra ẹja ẹlẹ́yin, oníbàárà ti tán, a sì ti ti ilé oúnjẹ pa. Káfíńtà kan láti àdúgbò Gwagwarwa wá kó àwọn bẹ́ǹṣì lọ. Èmi rí iṣẹ́ olùkọ́, màmá mi sì ń bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì se oúnjẹ bí wọ́n bá ní ìnáwó. Àwọn kan ń fi í ṣẹ̀sín pé ó ti ilé oúnjẹ ìyá rẹ̀ pa nítorí ẹja Hausa. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, á ṣì jí ní àkókò tó máa ń dáná, á dìde, á wẹ ọwọ́, á wá rántí, á sì jókòó sórí ibùsùn.

Lẹ́yìn òjò ọdún kẹta, nígbà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, a ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, a gba iwájú obìnrin ọmọ Ọ̀ffà yẹn kọjá. Màmá mi dúró lójijì. Ẹja wà lórí àtẹ, epìyà, wọ́n gbòòrò, ẹ̀yìn wọn ki. Mi ò rí irú rẹ̀ rí láyé mi. Gbogbo yẹ̀yẹ́ tí mo ti fi ìyá mi ṣe padà sí mi lọ́kàn. Obìnrin náà kí wa tayọ̀tayọ̀: "Ìyá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o! Wallahi, ẹ wá wo nǹkan. Láti dáàmù ni. Bí wọ́n ṣe ń kó o wá báyìí nìyí." Màmá mi wọlé, ó jókòó, ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ wá. Ibi tó jókòó sí kọjú sí ìlẹ̀kùn wa tó wà ní títì pa, tí wọ́n ti lẹ ìwé ìpolówó mọ́ káàkiri.

Mo kọ̀, mi ò jókòó. Mo sọ̀rọ̀ sí i létí pé àwọn tó ń ra ẹja ẹlẹ́yin nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n má rà, àwọn náà ló wá ń jẹ èrè rẹ̀. Ó ní, "Jókòó, ìwọ ọmọ yìí. Ṣé èmi nìkan ló ni omi?" Ó rọra jẹun. Ó yọ egungun lọ́kọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ kí nǹkan kan ṣòfò. Omi wà lójú rẹ̀, ó ní ata ni. Nígbà tó ṣe tán, ó ní kí n bá òun pe Baba lórí fóònù. Ó ní, "Baba, kifi ya dawo." Ẹja ti padà. A gbọ́ tí Baba ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá mi náà. Ó ní ojú òun ò ríran dáadáa mọ́, ọmọ òun ló ń lọ sómi báyìí. Ó wá ní, "Mama, ki buɗe shago." Kó lọ ṣí ilé oúnjẹ rẹ̀. Màmá mi wo òdìkejì títì. Ó ní, "Na tsufa, Baba." Ó ti dàgbà jù.

Màmá mi ti fayé sílẹ̀ báyìí, mo sì ti kúrò ní Kano. Láìpẹ́ yìí, a jókòó ní yàrá àwọn olùkọ́, wọ́n ń jiyàn bóyá ó ṣe àǹfààní kí wọ́n máa dá ẹja pípa dúró ní àkókò tí ẹja ń yé ẹyin. Ẹnì kan ní òfò ni, ẹja á kàn lọ síbòmíràn. Mo sọ fún un pé ẹja ń padà, mo fojú ara mi rí i, bí wọn ò bá ti jẹ́ kó sú wọn ní ọdún kìíní, tí wọn ò sì gba àwọ̀n wẹ́wẹ́ láyè. Mi ò sọ ìyókù, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, màá sunkún níwájú wọn. Ó wù mí kí ẹnì kan ti béèrè, lọ́jọ́ tí wọ́n ń fẹnu kò, pé kí ni ẹni tó bá gbà láti dúró yóò máa fi gbọ́ bùkátà títí ẹja yóò fi padà. Ó wù mí ká tún rí màmá mi nídìí ààrò tirẹ̀, kó máa bú mọ́ mi pé mò ń fi omi ṣòfò. Màmá mi dúró. Ó jẹ ẹja náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti inú ìkòkò ẹlòmíràn, ó sì ní ó dùn.