Padà sí Ìbẹ̀rẹ̀

Nígbà tí èmi náà ṣì kéré, tí mò ń gbé wàláà lọ sílé kéwú nílùú Ọ̀fà níbí, kò sóhun tí mò ń lé ju pé kí n parí Kùránì, kí wọ́n wé láwàní fún mi ṣáájú àbúrò mi, ọmọ ìyàwó kejì bàbá mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí Àfáà wa ti ń ṣe. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, wọn ò ní jẹ́ kí n mí kí wọ́n tó ní, "Padà sí ìbẹ̀rẹ̀." Màá tún súúrà náà kà látòkè, títí kan gbogbo ibi tí mo ti kà dáadáa. Bí àbúrò mi bá ṣì í, wọ́n á dákẹ́ wò ó díẹ̀, bóyá yóò tún un ṣe fúnra rẹ̀. Bí kò bá tún un ṣe, wọ́n á tún un ṣe fún un níbẹ̀ náà, wọ́n á sì máa lọ. Ẹ̀yin ọmọ, mo jowú ọmọ yẹn débi pé oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi tí a bá jọ jókòó ti abọ́ kan. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ wé láwàní fún.

Mo rò pé owú náà ti kú, àfi ìgbà tí ọmọ-ọmọ mi obìnrin gbé iṣẹ́ rẹ̀ wálé. Àwọn tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ní irinṣẹ́ kan tó ń bá wọn ka ohun tí wọ́n ń kọ, tó ń fa ìlà pupa sábẹ́ àṣìṣe bí ọwọ́ wọn ti ń lọ. Òun ló ń tọ́jú irinṣẹ́ náà. Irinṣẹ́ náà ti wá ń falẹ̀ jù, àwọn èèyàn sì ti ń pa á tì. Mo bi í pé kí ló ń ṣe é.

"Bàbá, tẹ́ ẹ bá tẹ lẹ́tà kan báyìí, gbogbo fáìlì ló tún ń kà látòkè délẹ̀. Kò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ tẹ ìkejì tán kó tó tún bẹ̀rẹ̀."

Mo ní mo mọ ẹni tó kọ́ irinṣẹ́ náà ní kéwú. Kò yé e, ó kàn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ó tún un ṣe. Ó ní irinṣẹ́ náà ti ń dúró báyìí kí ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀wé sinmi díẹ̀ kó tó yẹ iṣẹ́ wò. Ibi tí wọ́n fọwọ́ kàn àti ibi tó so mọ́ ọn nìkan ló sì ń tún kà. Èyí tó ti kà tó dára, ó ti fi í pamọ́. Ìlà pupa ń yọ kíá, àwọn tó pa á tì ti ń padà bọ̀. Ó ní kí n bá òun yọ̀. Mo ní kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i, ṣùgbọ́n ara ń ta mí. Ẹ jẹ́ kí n wí i bó ṣe rí: fáìlì ni mò ń jowú.

Ayé ti yí padà. Ọmọ èèyàn ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́, ó ń ronú bí ohun tí kò lẹ́mìí kò ṣe ní máa tún ohun tó ti kà tán kà. Kò sẹ́ni tó ronú bẹ́ẹ̀ kàn mí nígbà tèmi. Ẹ̀yin tí wọ́n ń tún ṣe níbi tẹ́ ẹ ti ṣì í, ẹ mọ̀ pé oore ni. Àbúrò mi ni lèmọ́mù àdúgbò wa báyìí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń kírun.