Ọjọ́ Tí Mo Kó Gẹ́ẹ̀mù Wa Kúrò Nílé Ìtajà Àkọ́kọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀, mi ò ní gbà. Mo rò pé orí mi pé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gẹ́ẹ̀mù kan ni èmi àti ìyàwó mi ṣe ní pálọ̀ wa ní Mówe. Ẹni tó bá ń fi ṣeré á máa gé aṣọ fún oríṣiríṣi èèyàn, kò sì gbọdọ̀ fi aṣọ ṣòfò. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ìyàwó mi ló ya àwòrán rẹ̀. Ọ̀dọ̀ màmá mi tó ń ránṣọ ní Ifọ̀ ni mo ti rí bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ kọ́. Ilé ìtajà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń bá wa tà á, ó sì ń mú ọgbọ̀n náírà nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé. Èyí tó kù tó wa jẹ, òun ló sì jẹ́ kí n fi iṣẹ́ Èkó sílẹ̀. Mi ò fẹ́ padà sídìí iṣẹ́ yẹn láéláé.

Síbẹ̀, ọgbọ̀n náírà yẹn ń dùn mí. Ṣé wọ́n bá mi ya bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni? Nígbà tí ilé ìtajà tuntun kan dé, tó ní méjìlá péré lòun máa mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè ni pé mi ò gbọdọ̀ tà á níbòmíràn fún ọdún kan.

Mo lọ sọ fún màmá mi. Wọ́n ń lọ aṣọ lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè.

"Àwọn tó ń rà á, ṣé o ní nọ́ńbà fóònù wọn?"

"Rárá, mà. Ilé ìtajà ló ń tọ́jú ìyẹn."

"Nígbà tí mo kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àti nọ́ńbà àwọn èèyàn sí ni mo kọ́kọ́ gbé. Ìwọ, kí lo máa gbé?"

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ti kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ ìránṣọ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, mo jókòó láti yọ ọ́ kúrò nílé ìtajà àkọ́kọ́. Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tún rò ó wò." Mo sọ fún un pé ojo ni, mo sì tẹ ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni mẹ́sàn-án ló rà á nílé ìtajà tuntun. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Mówe ló ń ṣe mí. Mo wọkọ̀ lọ sí Ìbafo, mo tún wò ó níbẹ̀: mẹ́sàn-án náà ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ti ń gé aṣọ wa láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ ẹyọ kan nínú wọn, mi ò sì mọ ibi tí mo lè ránṣẹ́ sí pé a ti kó lọ.

Oṣù yẹn ò tíì parí tí ilé ìtajà àkọ́kọ́ fi kéde pé, nítorí àwọn tó ń sá lọ, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré làwọn á máa mú lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ kéékèèké. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mi ò lè ní sùúrù fún, àdéhùn ọdún kan sì ti wà lọ́rùn mi.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo sọ fún ìyàwó mi pé n ó lọ bẹ ọ̀gá mi àtijọ́.

"Ẹ má wulẹ̀ lọ," ló sọ. "Mo ti ríṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ọ̀la ni mo máa bẹ̀rẹ̀."

Mo bi í pé ìgbà wo ló wáṣẹ́.

"Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni. Ẹ ò tíì dìde nídìí kọ̀ǹpútà tí mo fi kọ̀wé sí wọn."

Kò bínú, kò sì gbóhùn sókè. Ó kàn ń wá bàtà tí kò ní ha á lẹ́sẹ̀. Mi ò padà sí iṣẹ́ Èkó. Ìyàwó mi ló lọ.