Ìdáhùn Ìyá Ẹ̀yìn Ògiri

Ní gbogbo àárọ̀, ní Kútọnu níbí, ìyá tó ń gbé yàrá kejì máa ń gbá ògiri: "Bàbá Ṣadé, ẹ bi mí!" Èmi a ṣe bí òyìnbó tó ń bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀ kó tó fún un ní físà, kí ìyá lè fi kọ́ra.

"Ta lẹ fẹ́ lọ wò, Màmá?"

"Ọmọ mi ni. Ìwé onígbà-díẹ̀ ló ń lò l'Amẹ́ríkà. Tó bá jáde, kò ní lè wọlé mọ́."

"Ṣé ẹ máa padà?"

"Màá padà! Ta ni mo fẹ́ fi ìsọ̀ gaàrí mi sílẹ̀ fún?"

Nígbà tí òfin físà Amẹ́ríkà yí padà, wọ́n fagi lé ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n dá fún un. Wọ́n ní kí ọmọ Nàìjíríà lọ tọrọ físà nílé.

"Ilé wo? Kútọnu ni mo gbó sí."

Ó kú láìfojú kan ọmọ náà. Mi ò bi í ní nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n láàárọ̀, mo ṣì ń gbọ́ ọ nínú yàrá tó ṣófo yẹn: "Màá padà!"