Ìpanu Aago Mẹ́rin

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni, síbẹ̀ Àbúrò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń gbé sòkòtò tó ya wá fún un, Àǹtí Àbúrò ni wọ́n ń pè é. Bàbá tó ń ta kéèkì ní òdìkejì títì, tí orí rẹ̀ ti funfun tán, Àbúrò lòun náà ń pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fà á. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni àwọn méjèèjì fi jọ ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, maṣíìnì méjì kọjú síra wọn, èyí ń pe tọ̀hún ní Àbúrò, tọ̀hún ń pe èyí ní Ẹ̀gbọ́n, débi pé àwọn oníbàárà kò wá orúkọ mìíràn lọ mọ́.

Ó ti pé ọdún méjì báyìí tí Ẹ̀gbọ́n ti kú. Maṣíìnì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n da aṣọ bò ó. Àga rẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú tìmùtìmù tó ti tẹ̀ sí apá òsì, nítorí apá òsì ni obìnrin náà máa ń fì sí bó bá ń ṣiṣẹ́. Bí aago ara ògiri bá sì ti kọ mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ á dé. Kì í ṣe ohùn òkú inú àlọ́, tó máa ń gbọ̀n tó sì máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Ohùn obìnrin tó ti jókòó láti àárọ̀ ni, tí ẹ̀yìn ń ro, tí ẹnu sì ń yún.

"Àbúrò, ṣé kò sí nǹkan ìpanu ni?"

Ìgbà yẹn ni ọ̀nà ọ̀fun Àbúrò á bẹ̀rẹ̀ sí í dá a tólótóló. Itọ́ á kún ẹnu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dẹ̀ lára aṣọ tó ń rán, ojú rẹ̀ á sì yà sí òdìkejì títì, níbi tí Bàbá Oníkéèkì ti to bisikíìtì oníṣokoléètì sínú àpótí onígíláàsì bí ẹni tó fẹ́ bá ayé jà.

Ẹ má rò pé kò mọ ohun tó ń ṣe. Ó mọ ohun tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àìsàn àtọ̀gbẹ ni, ojú ló sì kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó máa ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìwò ó, tí yóò tún máa bú oníbàárà lẹ́nu kan náà, ó di ẹni tó ń na abẹ́rẹ́ síta: "Àbúrò, bá mi ki òwú bọ̀ ọ́." Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń fà á lọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀. Kò pé ọdún kan tó fi lọ.

Nítorí náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì gún Àbúrò níka ní oṣù méje sẹ́yìn, tó sì wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Àbúrò ti mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, ṣúgà yín ti ń gòkè o," nọ́ọ̀sì náà wí. "Kò tíì dé ibi tí ti ẹ̀gbọ́n yín dé, àmọ́ ọ̀nà ibẹ̀ ló dorí kọ. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ jìnnà sí mínírà, ẹ jìnnà sí bisikíìtì àti kéèkì. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ká tún un wò."

Àbúrò gbọ́. Ẹ̀rù pé ojú òun á fọ́ ń bà á ju ẹ̀rù ikú lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀fọ́ ló ń jẹ láàárọ̀, ẹ̀wà tí epo rẹ̀ kò tó nǹkan ló ń jẹ lọ́sàn-án, kùkúńbà ló ń gé sínú abọ́ kékeré, ike omi kì í sì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé aago mẹ́ta ni ọjọ́ máa ń parí, Àbúrò ì bá lo ọgọ́rùn-ún ọdún láyé.

Ó tún dá ọgbọ́n kan, ọgbọ́n aránṣọ pọ́ńbélé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé aṣọ funfun wá, kò ní fọwọ́ kàn án láàárọ̀. Á fi í sílẹ̀ di aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ta ló fẹ́ fi ọwọ́ tó kan ṣokoléètì di aṣọ funfun oníbàárà mú? Nígbà tí ohùn náà bá dé, aṣọ funfun á ti tẹ́ sórí itan rẹ̀, á máa rán ojú bọ́tìnnì, á máa gbé itọ́ mì. Lọ́sẹ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì kó aṣọ iṣẹ́ wọn wá, odidi ọjọ́ mẹ́fà ni kò fi ẹnu kan nǹkan dídùn. Àmọ́ kì í ṣe ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń rán funfun.

Lọ́jọ́ tí funfun bá tán, á sọdá títì. Bisikíìtì kan ṣoṣo, bí wọ́n ti máa ń ṣe é látọjọ́ pípẹ́. Á dá a sí méjì. "Ìlàjì kì í pa èèyàn," Ẹ̀gbọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Á gbé ìlàjì ti Ẹ̀gbọ́n sórí maṣíìnì rẹ̀, lórí aṣọ tí wọ́n dà bò ó, á sì jẹ ìlàjì tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí aago mẹ́fà bá lù tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ìlàjì kejì á ṣì wà níbẹ̀. Ó mọ̀ pé tóun bá fi í sílẹ̀, èèrà á bò ó. Ta ló máa fi ìpanu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ fún èèrà? Á jẹ òun náà. Ìlàjì àti ìlàjì, ẹ bá mi rò ó pọ̀.

Ẹ má pè é ní wọ̀bìà o. Ẹnu ń yún un lóòótọ́, àmọ́ ohun tó ń ṣe é ju ẹnu lọ. Ohun tó ń bà á lẹ́rù, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ni pé bí kò bá sí ìpanu ní aago mẹ́rin mọ́, kí ni Ẹ̀gbọ́n á tún máa wá ṣe?

Ibi tí wàhálà gan-an wà nìyí: aránṣọ kì í mọ ìgbà tó ń sanra. Ìwọ àti èmi, bí síìpù bá kọ̀ tí kò lọ sókè, a ti gbọ́ ìwàásù lọ́jọ́ yẹn. Aránṣọ ní tirẹ̀ ti fi àyè sílẹ̀ nínú aṣọ látìgbà tó ti gé e. Bó bá fún un, á tú ojú ìránṣọ, á fẹ̀ ẹ́ síta díẹ̀, ó parí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àbúrò ti tú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan, aṣọ náà sì bá a mu nígbà gbogbo. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gbẹgẹrẹ lára rẹ̀. Ó wọn ara rẹ̀ wò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jó yí maṣíìnì ká. Ó dín aṣọ náà kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

"Àbúrò, ẹ ti padà di ọmọge!" Bàbá Oníkéèkì pariwo láti òdìkejì. "Ẹ wá mú ọ̀kan, ó tọ́ sí yín!"

Ó mú ọ̀kan. Ẹ̀fọ́ àti omi ti ń ṣiṣẹ́, ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Omi gan-an ti wá mọ́ ọn lára, ike mẹ́ta, mẹ́rin lójúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń jẹ́ kó máa sáré lọ sí balùwẹ̀. Kò padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ wò? Aṣọ ti sọ fún un.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ọmọ Ẹ̀gbọ́n wọlé. Obìnrin náà ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé, kì í pariwo, ó fi ìyẹn yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀. Àbúrò rọra dìde kí i, nítorí pínnì ti wà ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ tó wọ̀. Aṣọ náà ti tún tóbi, ó fẹ́ dín in kù lẹ́ẹ̀kejì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé aṣọ búlúù Mọ́mì ṣì wà lọ́wọ́ yín? Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò wa níbi iṣẹ́, ó wù mí kí n wọ̀ ọ́."

"Ibo ló máa lọ? Ó wà nínú àpótí."

Ó fa aṣọ náà jáde. Ó yí inú rẹ̀ síta bí gbogbo aránṣọ ti ń ṣe, kó lè mọ iye àyè tó kù nínú rẹ̀. Ó gbé e sí ojú fèrèsé. Ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Bí èèyàn bá tú ojú ìránṣọ, òwú á kúrò, àmọ́ ihò abẹ́rẹ́ kì í tètè kúrò lára aṣọ. Ìlà ihò kan wà níbẹ̀, òmíràn wà lóde rẹ̀, òmíràn tún wà lóde ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n ti yí padà sínú. Wọ́n dín in kù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dín in kù lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n dín in kù lẹ́ẹ̀kẹta. Ọwọ́ Àbúrò fúnra rẹ̀ ló rán gbogbo rẹ̀. Ó rántí ọjọ́ tó rán èyí àkọ́kọ́ tó lọ sínú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fọn o! Ẹ ti di omidan!" ló sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ra kéèkì láti fi bá a yọ̀, wọ́n dá a sí méjì.

"Àǹtí, kí lẹ rí?"

Àbúrò fi ìka han ọmọ náà, ó ń ka àwọn ìlà ihò náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà fọwọ́ kan èyí tó kẹ́yìn.

"Mo rántí ìgbà tí wọ́n ń rù yẹn," ó wí. "Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n ṣáá. Omi kì í kúrò lọ́wọ́ wọn."

Àwọn méjèèjì jọ wo ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì. Ìkẹrin ọjọ́ náà ni, ó sì ti fẹ́ẹ̀ tán.

Àbúrò lọ sẹ́yìn kọ́tìnì tí àwọn oníbàárà ti ń dán aṣọ wò, ó bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀, ó da aṣọ ìlékè kan bora, ó sì tẹ́ aṣọ méjèèjì sórí tábìlì, inú síta. Mẹ́ta síta. Ọ̀kan sínú. Pínnì sì wà níbi tí ìkejì fẹ́ gbà, ní àyè kan náà gẹ́lẹ́, bí ẹni pé pátánì kan ni wọ́n fi gé àwọn méjèèjì. Ó fi ọwọ́ di àga tó sún mọ́ ọn mú, àga Ẹ̀gbọ́n sì ni.

Aago ara ògiri kọ mẹ́rin.

"Àbúrò," ohùn náà wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bó ti máa ń ṣe, "ṣé kò sí nǹkan ìpanu ni?"

Fún ọdún méjì, ohùn yìí ló ń tù ú nínú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ohùn náà ń pe òun sí.

"Jẹ́ ká máa lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì," ó sọ fún ọmọ náà. "Kíá, kí n tó yí ọkàn padà."

Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Mọ́mì, ta ló ní kí ẹ má padà wá?"

"Mò ń rù. Mo rò pé ara mi ti ń yá. Mò ń mu omi gan-an."

"Òùngbẹ àìsàn ni, Mọ́mì. Ṣúgà náà ló ń jẹ ẹran ara yín."

"Ṣé ẹ̀pa ò bóró mọ́ ni?"

"Ààrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ojú yín ṣì wà. Àmọ́ oògùn yìí, àárọ̀ àti alẹ́, ẹ ó sì máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí nǹkan dídùn mọ́. Kò sí ìlàjì."

Àbúrò gbé orí sókè. Òun kò sọ̀rọ̀ ìlàjì fún ẹnikẹ́ni rí. Nọ́ọ̀sì ti tẹ orí ba, ó ń kọ̀wé. Bóyá gbogbo ẹni tó ń tọ́jú ló máa ń jẹ ìlàjì.

Lọ́jọ́ kejì, ohùn náà dé ní aago mẹ́rin. Aṣọ funfun kò sí nílẹ̀. Aṣọ búlúù ló wà lórí itan Àbúrò, tó ń tún ṣe fún ọmọ náà, ó sì ti ṣọ́ ọ kí àlùmọ́gàjí má kan àyè inú rẹ̀, kí àwọn ihò náà lè wà níbẹ̀ fún ẹni tó máa wọ̀ ọ́.

"Kò sí, Ẹ̀gbọ́n," ó wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa sọ pé kò sí fún un, látìgbà tí wọ́n ti jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó dùn ún bí ẹni tó gba oúnjẹ lẹ́nu aláìsàn.

Ohùn náà padà wá lọ́jọ́ kẹta, ó wá lọ́jọ́ kẹrin. Àbúrò ń dá a lóhùn bákan náà, ọ̀fun rẹ̀ sì ń dá a tólótóló bíi ti tẹ́lẹ̀, oògùn kò mú ìyẹn kúrò. Lọ́sẹ̀ kejì, ó wá lẹ́ẹ̀mejì péré. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ kẹta, aago kọ mẹ́rin, ó kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó kọjá mẹ́wàá. Àbúrò dá abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró kó lè gbọ́ dáadáa. Ọkọ̀ kan kọjá lójú títì. Nǹkan kan kò dún mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n?" ó pè. Ó dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò fẹ́ nǹkan ìpanu ni?"

Tìmùtìmù orí àga náà ṣì tẹ̀ sí apá òsì bó ti wà tẹ́lẹ̀. Àbúrò sunkún bí kò ṣe sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú pàápàá, nítorí lọ́jọ́ yẹn, ẹlòmíràn ló sin ín; lónìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń sin ín. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Òwú ti tán nínú abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó já òmíràn, ó kọjú sí fèrèsé. Ó kì í bọ abẹ́rẹ́, ó tàsé. Ó tún kì í, ó tún tàsé. Kò sẹ́ni tó lè na abẹ́rẹ́ sí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì kì í lẹ́ẹ̀kẹta.

Òwú náà wọlé. Àbúrò so ó ní kókó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán etí aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀.