Ọjọ́ tí Wọ́n Gbé Alùpùpù Pupa Ọkọ Mi Lọ

Nínú gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò ní Lọ́kọ́jà, ọjọ́ tí wọ́n wá gbé alùpùpù pupa lọ ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ràṣídì ọkọ mi, tó ń jó irin ní Natako, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ó tẹ páìpù, ó jó wọn pọ̀, ó sì lu páànù títí ó fi di táǹkì. Bó bá ń nù ún, Àdùkẹ́ ló ń pè é. Èmi ìyàwó rẹ̀, kò ki oríkì mi rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkùnrin tó rà á dé láti Lokongoma. Inú mi dùn débi pé mo bu omi tútù fún un. Ó gùn ún, ẹ́ńjìnnì bú, ó sì lọ. Bí mo ṣe yíjú padà, omi ń dà lójú ọkọ mi.

Ara mi gbóná. Mo ní, "Bàbá Hálímà, nígbà tí mo bínú kó lọ sílé wa ní Kàbà, ẹ ò sunkún!"

Ó nu ojú, ó ní, "Ìyá Hálímà, mo mọ̀ pé ìwọ á padà wá."

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó yìn mí ni tàbí ó bú mi.